Àṣìṣe Ọjọ́ Ajé

Nígbà tí Ọládàpọ̀ kú lọ́dún 1993, iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wọn ní yunifásítì: ètò tí yóò máa ṣírò máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló máa ń bá a tẹ àwọn ètò rẹ̀, nítorí náà òun ni wọ́n ní kó parí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà kò bá tíì parí, òun àti Táyọ̀ ọmọ rẹ̀ lè máa gbé inú ilé olùkọ́ tí wọ́n wà. Ọjọ́ tí Dókítà Fọláyan, olórí ẹ̀ka, bá buwọ́ lù ú pé ó ti pé, kí wọ́n kó jáde.

Yàrá kan ní Àjàngbádì, lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀, nìkan ló kù tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Omi máa ń wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Mojíbọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò fa iṣẹ́ náà nílẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbùkù nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹkún ti gbẹ lójú rẹ̀, iṣẹ́ ló kàn ń ṣe.

Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n ń pè ní lint. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ rẹ̀, tó tẹ orúkọ ètò tẹ̀ lé e, á ka ètò náà láti òkè dé ilẹ̀ láì jẹ́ kó ṣiṣẹ́, á sì tọ́ka sí ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Bí ètò bá mọ́, kò ní sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mojíbọ́lá á tún ètò náà ṣe títí lint á fi dákẹ́, á sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé Dókítà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n bá jọ tẹ̀ ẹ́, lint á tún sọ̀rọ̀.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ ò tíì ṣe tán," Dókítà á wí, láì wojú rẹ̀. "Mi ò lè sáìn èyí."

"Ó ti mọ́ ní Friday, sà."

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ọlábísí akọ̀wé. "Dókítà kàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mà," ló wí. "Orí kunkun Èkìtì nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ ro ti ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ yín."

Mojíbọ́lá gbà pé ìbànújẹ́ ló mú ọpọlọ òun lọ, ojú sì ń tì í.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ẹyọ ẹjọ́ kan ṣoṣo ni lint rò: orúkọ kan wà nínú ètò náà tí wọn kò lò níbì kankan. Ule ni orúkọ náà. Mojíbọ́lá tẹjú mọ́ ọn. Òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́, Ọládàpọ̀ kò sì lo irú rẹ̀ rí.

"Ẹ tún un ṣe," ni Dókítà wí, ó sì bọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Mojíbọ́lá tẹ̀ lé e láti lọ béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n Dókítà ti wà lórí tẹlifóònù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ń sọ èdè ìlú rẹ̀ tí kì í sọ níbi iṣẹ́, ó ní kó má tíì jáde, pé òun ń bọ̀ ní ulé, torí ulé ni wọ́n ń pe ilé níbi tí wọ́n ti bí i.