Ọmọ Olórin

Ọmọbìnrin kan wà ní yunifásítì tí àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: iyì ẹlòmíràn ló máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé wọn bá ti gbajúmọ̀ olórin kan mu. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ pe orúkọ ní kíláàsì, ó bi í bóyá ẹbí olórin náà ni. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni." Bó ṣe di Ọmọ Olórin nìyẹn.

Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ wá ń sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ẹgbẹ́ òṣèré ọgbà fún un ní ipa olórí nínú eré wọn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó yá, alága ẹgbẹ́ ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á lè wá fi orin ṣí eré náà fún wa?"

Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ńṣe ló ní, "Wọn ò lè kọ̀ fún mi." Ni wọ́n bá tẹ àwòrán olórin sí ìwé ìkéde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Ìyá rẹ ní ẹ ń ṣeré ní Sátidé. Màá wá wò ọ́."

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá mi. Àyè ò ní sí." Ẹ̀rù ló ń bà á kí ẹnìkan má lọ bi bàbá náà nípa ẹ̀gbọ́n tí kò ní.

Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà, olórin ò wá. Àgbà òṣèrébìnrin kan jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, orúkọ ìdílé kan náà lòun náà sì ń jẹ́. Alága sáré mú ọmọbìnrin náà lọ bá a, ó bẹ màmá náà pé kó bá wọn pe olórin tó jẹ́ ẹbí wọn.

Màmá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹbí kẹ̀? Mi ò bá ọkùnrin yẹn pàdé rí. Orúkọ la jọ ń jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó wá kọjú sí ọmọbìnrin náà, tó ti kun àtíkè eré sójú tán. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni bàbá tìrẹ ń ṣe?"

"Káfíńtà ni wọ́n, mà."

"Ó dáa náà. Àwọn dà? Ṣé wọn ò wá wò ẹ́ ni?"

Ọmọbìnrin náà jẹ́wọ́ pé òun lòun ní kí wọ́n má wá, pé òun kì í ṣe ẹbí olórin náà rárá. Alága gba aṣọ eré lára rẹ̀, ó fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bú u, bí wọ́n bá tiẹ̀ bú u ni ì bá sàn. Ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó pe bàbá rẹ̀.

"Mo ti wọ aṣọ mi láti àárọ̀," ni bàbá wí, "mo ní bóyá àyè kan á yọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni. Ṣé ẹ ti ṣe é tán? Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ?"

Ọmọbìnrin náà sunkún títí omijé fi fọ àtíkè kúrò lójú rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ẹ̀rín músẹ́ kan péré ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe tìtorí pé orúkọ bára mu sọ ara wa di ẹbí ẹni tí kò mọ̀ wá. Ẹni tó fún wa lórúkọ náà wà nílé, ó ti múra, ó ń retí kí a ní kó máa bọ̀.