Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ tí Wàhábì Lù ní Gbàǹjo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbedeméjì. Ìparí rẹ̀ ni ìkìlọ̀ wà.

1.
Ní Erúwà, lọ́dún 1991, ẹ̀rọ tí Hàlímọ̀, ìyá Àkíbù, fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Gàrí ló fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó ń dúdú lọ nínú agbọ̀n. Bó ṣe gbọ́ pé Wàhábì onígbàǹjo fẹ́ lu ẹ̀rọ kan tó ṣì dára lọ́jà, ó so gbogbo owó tó ní mọ́ etí ìró, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: bí owó ọjà bá ṣe ga tó ni èrè Wàhábì ṣe ń pọ̀ tó.

2.
Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ná ẹ̀rọ náà fi ku Hàlímọ̀ nìkan. Wàhábì ti gbé agogo sókè láti lù ú fún un, ni ọkùnrin kan bá fowó kún un láti ẹ̀yìn èrò. Àjàní, bàbá Ojúọlá, ni, ọdẹ kan láti Ìdèrè. Hàlímọ̀ fi kún un. Àjàní náà tún fi kún un. Obìnrin náà wá ṣàkíyèsí pé ọkùnrin yìí ò wo ẹ̀rọ rárá, ojú Wàhábì ló ń wò. Bí Wàhábì bá ti họrí, òun náà á sún owó sókè.

Hàlímọ̀ ò fi kún un mọ́. Wàhábì ń wò ó pé kó tún fowó kún un. Nígbà tó pẹ́, ó lu agogo fún Àjàní tipátipá.

3.
Èrò ò tíì tú tí Wàhábì fi wá bá a, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àkíbù, orí yín bá yín ṣe é. Ẹni tó rà á ò lówó lọ́wọ́. Ẹ mú un ní iye tí ẹ pè kẹ́yìn."

Owó náà wà létí ìró rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ sì ń bàjẹ́ nílé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ńkọ́?

Hàlímọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ, ó kọjú sí Àjàní lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ojúọlá. Ògún lẹ̀ ń bọ. Ẹ fẹnu kan irin yìí, kí ẹ ní ẹ wá rà á lóòótọ́. Tí ẹ bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, màá san iye tí wọ́n ní."

Wàhábì ní ta ló ń búra nítorí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ lásán. Nígbà tó ń wá ẹni tí yóò bá a purọ́, kò rò ó pé irin lòun fẹ́ tà, ọdẹ lòun sì bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Àjàní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan irin. Ó dìde.

"Wàhábì, o ò sọ fún mi pé yóò dé ibi báyìí. Ẹ̀yin ará, mi ò wá ra nǹkan kan. Òun ló ní kí n máa pe owó, pé òun á fún mi lówó ẹmu."

4.
Àwọn tó ni ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Iye tí Hàlímọ̀ pè kí Àjàní tó lanu ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí gàrí yan lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Wàhábì lu agogo títí apá fi ń ro ó. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó, ẹnikẹ́ni ò pe iye kan. Obìnrin kan ló béèrè pé, "Ta lo kó sẹ́yìn èrò lónìí?" Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbé ọjà fún un tà mọ́, láti Láńlátẹ̀ títí dé Igbó-Ọrà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà, bí ara bá fu yín, ẹ má fi ìkánjú sanwó. Ẹ béèrè ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà, ẹ ṣọ́ra: èrè díẹ̀ tí Wàhábì fẹ́ fi màgòmágó jẹ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ pátá.