Bátìrì Ẹja

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìwọ tó ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́yìn, gbé e sílẹ̀, kó o gbọ́.

Iná lọ nílùú oníyìnyín. Bátìrì kan ló wà nílé Akínyọ́dé, àwọn ẹja ìjọba inú gíláàsì ló sì wà fún, kí omi wọn má bàa di yìnyín. Òfin ni: bẹ́ja bá kú, ìjọba á lé ẹni tó ń tọ́jú wọn kúrò nílé.

Òtútù mú Rólákẹ́, ìyàwó rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Akínyọ́dé ní:

"Ìyá Fọlárìn, bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná rẹ ni mo máa so bátìrì yìí mọ́."

"Bàbá Fọlárìn, ẹja ló gbà yín sílé, ẹ wá ń yájú sí wọn?"

Akínyọ́dé yọ wáyà bátìrì kúrò lára gíláàsì, ó so ó mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ó jókòó ti gíláàsì, ó ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ olómi, ẹ má bínú." Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó máa jí, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́: Rólákẹ́ ti dá wáyà padà fún wọn, òtútù sì ti pa òun fúnra rẹ̀ kú.