Abọ́ Inú Ahoro Balógun

Àwọn ará ìlú ti kìlọ̀ fún Fọlágadé pé ẹnikẹ́ni kì í wọ ahoro ilé Balógun bí ọjọ́ bá ti rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Òórùn ẹja tó ti rà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ tútù ń lẹ̀ mọ́ bàtà wọn. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan kan ń jẹun lẹ́yìn ògiri.

"Ajá ni," Fọlágadé wí.

Kì í ṣe ajá. Ìyá arúgbó kan ló jókòó ti abọ́ amọ̀, tó ń fa irun gígùn jáde láàárín eyín rẹ̀. Ìdin ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lá wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá bá mi jẹun."

 Tinúọlá di ọkọ rẹ̀ lápá mú. "Bàbá Ṣèyí, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́!"

Fọlágadé rọra já apá rẹ̀ gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ inú abọ́.

"Ẹ ṣé, mà," ó wí. "Ebi ti ń pa mí tẹ́lẹ̀."