Akọni Tí Kò Níwà Tirẹ̀

Ẹ sún mọ́bí kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń jẹun, kó gbé e dání!

Fídíò kan tó fi bí ẹnì kan ṣe gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà hàn kó ọ̀gá tó ṣe géèmù náà nírìíra. Akọni inú géèmù náà ta ìyá arúgbó nípàá, ó jí ọbẹ̀ rẹ̀, ó tún ń jó.

Ọ̀gá ní, “Ìwà ẹlẹ́gbin! Ta ló ń gbá géèmù mi báyìí?”

Ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí akọni má níwà tirẹ̀, kí ẹni tó ń gbá géèmù lè rí ara rẹ̀ nínú akọni.”

“Ta ni ọ̀bàyéjẹ́ náà? Kó máa lọ ilé ẹ̀!”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Lánàá lẹ gbá géèmù náà, nígbà tẹ́ ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò rí yín.”

Oúnjẹ dé. Gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ, wọ́n yó, wọ́n relé tayọ̀tayọ̀, àfi ọ̀gá, tí akọni rẹ̀ ṣì ń jó nínú fídíò níwájú rẹ̀.