Kọ̀ǹpútà Keje Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á parí ná, torí ìparí rẹ̀ ni ọpẹ́ wà.

Olùkọ́ yunifásítì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Dókítà Kíá, torí pé kò sí ohun tí kì í kánjú ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣèwádìí lórí blockchain, àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, débi pé bí ẹnì kan bá yí ti ọ̀kan padà, àwọn yòókù á kọ̀ ọ́. Ìwé ìwádìí kan ṣoṣo ló kù kí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kọ̀ǹpútà méje ló ń lò. Nígbà tó fi ètò tuntun sí wọn, Ìyá Wáyà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ rí i pé ìkeje, ògbólógbòó tó wà lẹ́bàá fèrèsé, kò bá àwọn yòókù fẹnu kò mọ́.

"Dókítà, ìkeje yìí ń jiyàn o."

"Ogbó ló ń dà á láàmú. Ẹ fa wáyà ẹ̀ yọ."

"Ẹ ò ní wo ohun tó rí?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ n di ọ̀jọ̀gbọ́n ná!"

Ó fà á yọ fúnra rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé méjèèje fohùn ṣọ̀kan. Irọ́ gbuu! Ìwé jáde, ilé ìwòsàn kan sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, nọ́ọ̀sì àgbà kan láti ilé ìwòsàn náà wá sí yàrá ẹ̀rọ Dókítà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yí irú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan padà lórí kọ̀ǹpútà kan. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà á wọlé dípò kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Ìyá Wáyà rìn lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó ki wáyà ìkeje bọ̀ ọ́. Ìkeje yìí nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ti gbó débi pé ètò tuntun tó ní àléébù yẹn kò wọlé sínú rẹ̀.

"Ta ló yọ eléyìí kúrò?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni," Dókítà dáhùn.

Wọ́n fagi lé ìwé rẹ̀, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi dúpẹ́! Kò sí aláìsàn kankan tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá a mu sí lára. Ọdún mẹ́rin ló fi tún iṣẹ́ náà ṣe, orúkọ Ìyá Wáyà ló sì kọ ṣíwájú tirẹ̀ lórí ìwé tuntun náà.

"Ìyá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò gbọ́ tèmi."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi kàn ń nu eruku ara ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo bẹ̀ yín: bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń jiyàn láàárín yín, ẹ má kánjú lé e jáde. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó rí. Ìkeje ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò sì tún fa wáyà rẹ̀ yọ láti ọjọ́ náà.