Gbádébọ̀ Tó Buwọ́ Lùwé Láìrí Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, Gbádébọ̀ kì í ṣe olè. Ìmẹ́lẹ́ ló bà á jẹ́. Iṣẹ́ tó bá ti lè kúrò lọ́rùn rẹ̀, kíá ló máa tì í sọ́rùn ẹlòmíì.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún àwa àgbàlagbà ní káàdì ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ìjọba gbé ẹ̀rọ AI wá láti máa yẹ orúkọ wò, àmọ́ wọ́n ṣòfin sí i: ẹni tí ẹ̀rọ bá ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pè é, kó rí i sójú, kó tó buwọ́ lùwé.

Ẹ sì mọ̀ pé àwọn òbí wa ò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ wa sílẹ̀ ní Ajangbadi, ọjọ́ kìíní ọdún ni akọ̀wé kọ fún gbogbo wa. Ni ẹ̀rọ bá rí èèyàn mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà ládùúgbò kan. Ó ní ayédèrú ni wá. Gbádébọ̀ ò pe ẹnì kankan. Ó kọ ọ́ pé òun ti rí gbogbo wa, ó buwọ́ lù ú, ó lọ jẹun. Bí wọ́n ṣe gba káàdì lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi Mùsítúrà lọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, bí kò bá sì sí káàdì, kò sí iṣẹ́ abẹ. Mo fà á lọ́wọ́ lọ bá Gbádébọ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀."

Mùsítúrà bi í pé, "Ṣé ẹ̀rọ náà ti rí mi rí ni, ọmọ mi?"

Abọ́lá, ọmọ Mùsítúrà, bá kọ̀wé sí àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláfúnkẹ́ dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó kó gbogbo wa wọ ọ́fíìsì, ó sì ṣí ìwé Gbádébọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ní ẹ ti rí wọn. Kí ni orúkọ màmá tó wà níwájú yìí?"

Gbádébọ̀ wo Mùsítúrà, ó yọjú wo àwọn orúkọ inú ìwé. Ó ní, "Àbí... Alàgbà Kazeem?"

Ẹ̀rín pa wá. Mùsítúrà ní ká dákẹ́, kí Gbádébọ̀ má baà sọ òun di bàbá gbogbo àdúgbò.

Wọ́n dá káàdì wa padà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣe ojú Mùsítúrà. Ó ń ríran báyìí débi pé gèlè mi ló ń bú. Ní ti Gbádébọ̀, wọ́n já a wálẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa jókòó ti àgbàlagbà, kó gbọ́ ìtàn ayé wọn, kó lè kọ ọjọ́ ìbí wọn bó ṣe yẹ. Ó ti lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ Mùsítúrà. Ìtàn ò tíì dé ibi tí wọ́n ti bí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ò pọ̀. Ẹ̀rọ dára, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fún ní bíírò láti fi buwọ́ lùwé lórí ọmọ aráyé, kó kọ́kọ́ wojú wọn. Ẹni tó bá ní òun rí ohun tí òun ò rí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa ní kó wá júwe rẹ̀.